Ìdánwò nìkan kọ́ ni a fi ń mọ dókítà tó dáńtọ́

Kò sí ọ̀gá aránṣọ tí yóò fún ọmọṣẹ́ rẹ̀ ní fírídọ̀mù nítorí pé ọmọ náà lè fẹnu sọ bí wọ́n ṣe ń gé aṣọ. Ìṣojú ọ̀gá ni yóò ti gé e, ìṣojú rẹ̀ ni yóò ti rán an; bó bá sì wọ́, ọ̀gá yóò ní kó tú u. Ǹjẹ́ bẹ́ẹ̀ la ṣe ń wo iṣẹ́ àwọn dókítà tó ń kọ́ ẹ̀ka ìṣègùn pàtó, àwọn tí a mọ̀ sí rẹ́sídẹ́ǹtì?

Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ lásán. Wọ́n ti gboyè, wọ́n sì ti gbàwé àṣẹ. Àwọn ni aláìsàn sábà máa ń bá pàdé lóru láwọn ilé-ìwòsàn ńlá. Ìdí nìyí tí ara fi ni aráàlú nígbà tí wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀ fún ohun tó lé ní oṣù méjì lọ́dún 2021.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì àpapọ̀ tó ń rí sí ẹ̀kọ́ wọn, èyí tí ìjọba dá sílẹ̀ lọ́dún 1979, tó wà ní Ìjànìkin, l'Ékòó, ní ìpele ìdánwò mẹ́ta fún wọn. Rẹ́sídẹ́ǹtì a sì tún máa kọ iṣẹ́ tó bá ṣe sínú ìwé, kí ọ̀gá rẹ̀ buwọ́ lù ú. Ibí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ìwé náà lè sọ pé ẹnì kan ti ṣe iṣẹ́ abẹ 20. Kò lè sọ bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe rí níbẹ̀. Bí ọ̀gá bá sì buwọ́ lu ojú-ìwé mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà, kí ló fojú ara rẹ̀ rí?

Lọ́dún 1990 ni George Miller, ọmọ Amẹ́ríkà, ti là á yé wa pé ọ̀tọ̀ ni kí èèyàn mọ nǹkan, ọ̀tọ̀ ni kó ṣe é lẹ́nu iṣẹ́. Láàárín ọdún díẹ̀, àwọn ọ̀gá dókítà níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dúró ti rẹ́sídẹ́ǹtì fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, kí wọ́n wo bó ṣe ń yẹ aláìsàn wò, kí wọ́n sì sọ ibi tó kù sí fún un lójú ẹsẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ètò yìí wọlé lọ́dún 2005. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń ṣe dókítà níbẹ̀ ló mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ṣùgbọ́n ètò náà ní àléébù tirẹ̀. Àwọn kan sọ ọ́ di ìwé kíkún lásán, àwọn mìíràn ń wá ọ̀gá tí ọwọ́ rẹ̀ rọ̀. Lọ́dún 2012, Gẹ̀ẹ́sì yí i padà fún àwọn dókítà tuntun: ìwòye di ọ̀nà ìkọ́ni, kì í ṣe ti máàkì mọ́.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún wa kò farasin. Ta ni yóò jẹ́wọ́ àìmọ̀ níwájú ẹni tó lè já a lulẹ̀? Ó yẹ kí a ya ìwòye tí a fi ń kọ́ni sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí a fi ń dájọ́, kí a sì ka àkókò tí ọ̀gá fi ń wo rẹ́sídẹ́ǹtì mọ́ iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Aṣọ tó bá wọ́ ṣeé tú rán. Ẹ̀mí tó bá bọ́ kò ṣeé tún mú wálé.