Máòsì Tó Fúyẹ́ Jù Kọ́ Ni Máòsì Tó Dáa Jù: Ọ̀rọ̀ Mi Sí Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Ta Gíráàmù

1/ Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa lónìí. Gbogbo ẹni tó ń ta máòsì géèmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí, gíráàmù ni wọ́n ń tà. "Tèmi ò ju 60 lọ!" "54 ni tèmi!" Bí ẹni ń polówó ẹran. Àwọn ọmọ wa ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Èmùré sì ti gbà pé bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe kéré tó ni máòsì ṣe dáa tó. Irọ́ ni. Ẹ fìdí mọ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ pọ̀.

2/ Kí ẹnikẹ́ni tó fò mọ́ mi: mi ò sọ pé kí máòsì wúwo o. Èmi náà fẹ́ràn èyí tó fúyẹ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìwúwo ni ohun kẹrin tó yẹ kó o wò. Ìkínní, ṣé ó bá ọwọ́ rẹ mu? Ìkejì, ṣé ara rẹ̀ le, ṣé iṣẹ́ inú rẹ̀ péye? Ìkẹta, bó bá bàjẹ́, ṣé ẹnì kan wà nítòsí tó lè tún un ṣe? Lẹ́yìn mẹ́ta yìí ni ká tó gbé òṣùwọ̀n jáde.

3/ Ẹ jẹ́ kí n fún fífúyẹ́ ní ẹ̀tọ́ rẹ̀ ná. Nínú géèmù ìbọn bíi Counter-Strike tàbí Valorant, nǹkan méjì lọwọ́ ń ṣe: á gbéra kíákíá, á sì dúró síbi tó fẹ́ gan-an. Ohun tó wúwo ṣòro láti mú gbéra, ó tún ṣòro láti dá dúró. Ìdúró yẹn ló ń pa ọ̀pọ̀ nínú yín. Ẹ yí síbi tí ọ̀tá wà, ẹ kọjá orí rẹ̀, ó ti yìnbọn kí ẹ tó padà.

4/ Ó tún wà fún ẹni tó ń fi gbogbo apá ṣe é. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi Counter-Strike jẹun, DPI 400 tàbí 800 ni wọ́n ń lò. Ìyẹn ni pé ọwọ́ wọn ń rìn jìnnà lórí tábìlì kí wọ́n tó lè yíjú padà nínú géèmù, wọ́n sì ń gbé máòsì sókè, wọ́n ń gbé e sílẹ̀, láìmọye ìgbà. Tó bá di wákàtí kẹta, ọrùn ọwọ́ máa mọ̀ bí 20 gíráàmù bá kúrò níbẹ̀. Mi ò jiyàn ìyẹn.

5/ Ṣùgbọ́n ẹ wo ìtàn ná. Ní 2014, Logitech gbé G502 jáde. 121 gíráàmù ni. Wọ́n tún wá kó irin kéékèèké márùn-ún sínú páálí rẹ̀, 3.6 gíráàmù níkọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó bá fẹ́ lè fi kún ìwúwo rẹ̀! Àwọn èèyàn rà á, wọ́n sì yìn ín. Ní ìparí 2020, Logitech kan náà gbé G Pro X Superlight jáde, kò tó 63 gíráàmù. Lóòótọ́, ìmọ̀ ẹ̀rọ tẹ̀síwájú. Àmọ́ ọwọ́ èèyàn ò yí padà láàárín ọdún mẹ́fà yẹn. Orin ìpolówó ló yí padà.

6/ Ẹ wá gbọ́ èyí tó ń dùn mí. Ó kù díẹ̀ kí Superlight yẹn tó 150 dọ́là nígbà tó jáde. Ká fi 1,500 náírà ṣírò dọ́là kan, 225,000 náírà nìyẹn. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2024 jẹ́ 70,000. Owó oṣù mẹ́ta òṣìṣẹ́, ó tún ṣẹ́kù, lórí nǹkan tí kò ga tó ìka àárín rẹ. Tí ọmọ tó wà ní BOUESTI bá fẹ́ ná irú owó bẹ́ẹ̀, ó kéré tán, kí ẹ sọ òótọ́ fún un.

7/ Òótọ́ kan rèé: ní 2020 yẹn kan náà, Razer gbé Viper Mini jáde. 61 gíráàmù, láìka wáyà. Nǹkan bí 40 dọ́là ni wọ́n tà á. Ẹ ka nọ́ńbà yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó fúyẹ́ ju èyí tó tó ìlọ́po mẹ́ta owó rẹ̀ lọ! Tó bá jẹ́ pé gíráàmù ni gbogbo ọ̀rọ̀, kí lẹ wá ń ta èkejì fún wa fún? Ṣebí ẹ̀yin náà mọ̀ pé nǹkan mìíràn wà níbẹ̀.

8/ Ọwọ́ ni nǹkan mìíràn yẹn. Viper Mini ò gùn tó 12 sẹ̀ǹtímítà. Ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ gbòòrò máa fún pọ̀ lórí rẹ̀ bí ẹni wọ bàtà àbúrò rẹ̀. Fún ọlọ́wọ́ kékeré, ó tẹ́ ẹ lọ́rùn pátápátá. Máòsì kan náà, gíráàmù kan náà, ọ̀kan ń gbádùn, èkejì ń jẹ̀rora.

9/ Torí náà, wọn ọwọ́ rẹ. Gbé rúlà, bẹ̀rẹ̀ láti ìlà ọrùn ọwọ́ dé orí ìka àárín. Ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀ máa ń sọ pé kí gígùn máòsì wà ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún gígùn ọwọ́. Ọwọ́ tó jẹ́ 18 sẹ̀ǹtímítà, máòsì bí 11. Kì í ṣe òfin Mósè o, ibi tí wàá ti bẹ̀rẹ̀ ni.

10/ Lẹ́yìn náà, wo bó o ṣe ń mú un. Àwọn kan máa ń fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ bò ó: ẹ̀yin lẹ nílò èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ga. Àwọn kan máa ń ká ìka kò bí èékánná àwòdì: kí ìdí rẹ̀ ga díẹ̀ kó lè ti àtẹ́lẹwọ́. Àwọn kan, orí ìka nìkan ló ń kàn án: ẹ̀yin gan-an ni kékeré tó fúyẹ́ wà fún. Ta ló bi yín léèrè èyí kó tó tajà fún yín? Kò sí.

11/ Ẹ̀yin ọmọ àgbẹ̀ Ìsẹ̀ àti Èmùré, ẹ dá mi lóhùn. Ta ló rí àgbẹ̀ rí tó lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, tó ní "fún mi ní ọkọ́ tó fúyẹ́ jù lọ"? Ọkọ́ tí a fi ń ro oko yàtọ̀ sí èyí tí a fi ń kọ ebè iṣu. Àgbẹ̀ á gbé e, á jù ú díẹ̀, á wo bí ẹ̀rú rẹ̀ ṣe jókòó sọ́wọ́. Ìgbà yẹn ló tó ń dúnàá dúrà.

12/ Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀ ló gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́, èyí tí wọ́n gbé lọ sí ìpàtẹ Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1924, tó sì wà ní British Museum títí dòní. Ẹni tó bá ti rí agbẹ́gilére lẹ́nu iṣẹ́ mọ̀ pé ohun tó wúwo ló fi ń la igi, ọ̀bẹ ló fi ń fín ọnà sí i. Iṣẹ́ àti ọwọ́ ló ń yan irinṣẹ́. Ilẹ̀ wa ti mọ èyí tipẹ́. Kí ló dé tá a gbàgbé nígbà tí irinṣẹ́ di ike?

13/ Ìkejì: líle. Ní 2019, Glorious Model O di ìlúmọ̀ọ́ká pẹ̀lú 67 gíráàmù, ara rẹ̀ lu ihò bí afárá oyin. Ó dáa fún yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́. Ẹ wá gbé e sí Ìkẹ́rẹ́ nígbà ọyẹ́, kí eruku fẹ́ wọ ihò, kí òógùn ọwọ́ wá pò ó. Ihò yẹn ò tiẹ̀ pọn dandan mọ́: Viper V2 Pro ti 2022 jẹ́ 58 gíráàmù, kò lu ihò kankan. Ẹni tó ń sọ fún yín pé láìsí ihò kò lè fúyẹ́, ọjà tó kù sí i lọ́wọ́ ló fẹ́ tà.

14/ Nọ́ńbà ẹ̀tàn kejì ni DPI. "26,000 DPI!" Kí lo fẹ́ fi ṣe? Fọwọ́ kàn án báyìí, àmì ti fò kúrò lójú ìbòjú. Ohun tó o nílò ni sensor tí kì í fò, tí kì í ṣìnà tó o bá fa máòsì kíákíá. PMW3360 tí PixArt ti Taiwan ṣe ti ń ṣe èyí láti bí ọdún mẹ́wàá. Ibẹ̀ yẹn ti tó fún èmi àti ìwọ.

15/ Ìkẹta ni "8000 Hz". Máòsì 125 Hz ń ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan ní milisẹ́kọ́ǹdù 8. Èyí tó jẹ́ 1000 Hz, milisẹ́kọ́ǹdù 1. Ìyẹn yàtọ̀ gidi, ẹ má ra èyí tí kò tó 1000. Àmọ́ láti 1000 lọ sí 8000, kò tó milisẹ́kọ́ǹdù kan tó o jèrè. Lórí dátà fóònù, tá a bá ń gbá géèmù lórí sáfà Yúróòpù, ping wa sábà máa ń kọjá 100. Ìbòjú 60 Hz tá a sì ń lò ń dúró ju milisẹ́kọ́ǹdù 16 lọ kó tó yí àwòrán padà. Bí ẹni ń bu omi síbi kan sínú àgbá tó ń jò.

16/ Àtúnṣe ńkọ́? Àìsàn tó ń pa máòsì jù ni kó o tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kó dún lẹ́ẹ̀mejì. Swíìṣì kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan ló ti jẹ. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe, tó ní irin ìjó, lè pààrọ̀ rẹ̀ bó o bá rí irú rẹ̀ rà. Máòsì tí wọ́n fi gúlúù lẹ̀ pọ̀ torí kó lè fúyẹ́, bó bá ti bàjẹ́, ó di ohun ìṣeré ọmọdé.

17/ Oní-wáyà tàbí aláìní-wáyà? Ẹ má parọ́ mọ́ iná. Superlight lè lò tó 70 wákàtí kó tó nílò iná, iná kọ́ ni wàhálà rẹ̀. Wàhálà rẹ̀ ni ọjọ́ tí bátìrì inú rẹ̀ bá darúgbó: ta ló máa bá ọ wá òmíràn? Oní-wáyà ò ní bátìrì tó máa gbé, ò sì ní èyí tó máa kú. Kí wáyà rẹ̀ ṣáà rọ̀ bí okùn bàtà. Èyí tó gan bí okùn ẹ̀rọ ìlọta máa fà ọ́ lọ́wọ́ ju 20 gíráàmù lọ.

18/ Ọ̀fẹ́ rèé fún ẹni tí kò lówó. Ọ̀pọ̀ máòsì olówó pọ́ọ́kú ní irin pẹlẹbẹ kan nínú tí kò ṣe iṣẹ́ kankan ju kó wúwo lọ. Tú u, yọ irin yẹn, tí kò bá so mọ́ nǹkan mìíràn. Èyí tó ń lo bátìrì AA, bíi Logitech G305, 99 gíráàmù ni pẹ̀lú bátìrì. Fi AAA sínú àpò ìbọ̀ tó ń sọ ọ́ di AA: ó dín bíi gíráàmù 10. Ẹ ò rí i? Fífúyẹ́ nìyẹn, kò sì tó owó oúnjẹ ọjọ́ kan.

19/ Tó o bá dé ṣọ́ọ̀bù, ṣe báyìí kó o tó sanwó. Fún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pọ̀: kò gbọdọ̀ ké. Mì í: nǹkan kan ò gbọdọ̀ dún nínú rẹ̀. Tẹ bọ́tìnnì méjèèjì níwájú, ní àárín, lẹ́yìn. Fi àtàǹpàkò àti ìka kan gbé e sókè: ṣé imú rẹ̀ ń tẹ̀ sílẹ̀? So ó mọ́ laptop, fà á kíákíá: ṣé àmì ń fò? Ọlọ́jà tó bá ní "a kì í tú páálí rẹ̀", kí ẹ, kó o máa lọ.

20/ Wọ́n á ní "àwọn ọ̀gá géèmù ń lo èyí tó fúyẹ́ jù". Àwọn ọ̀gá kan ń lo èyí tó wúwo ju ti ẹgbẹ́ wọn lọ torí ó bá ọwọ́ wọn mu. Èyí tó sì pọ̀ jù nínú wọn, ilé iṣẹ́ ló ń fún wọn. Ìwọ lò ń fi owó ara rẹ rà á.

21/ Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, sí ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọmọ tó ń lo máòsì 85 gíráàmù ṣe yẹ̀yẹ́ nínú yàrá géèmù: ẹ ṣíwọ́. Ọmọ yẹn lè lọ fi owó ilé ìwé ra ohun tí kò bá ọwọ́ rẹ̀ mu, torí kó lè bọ́ lẹ́nu yín. Àbúrò mi, wọn ọwọ́ rẹ kó o tó wọn máòsì. Èyí tọ́wọ́ rẹ gbàgbé pé òun mú dání ni tìẹ, iye yòówù kó wọ̀n.