Ẹ̀fọn Kò Mọ Ọmọ Onílé

Mo fẹ́ bá ẹ̀yin ará wa tí ń gbé Ìlú Ọba jà lónìí, mo sì fẹ́ bá àwa tí a wà nílé jà pẹ̀lú, nítorí ọwọ́ wa kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí ẹ bá ń wá ẹni tí ẹ ó kọ́kọ́ nà ní ẹgba, èmi nìyí.

Ní ọdún Kérésìmesì kan, àbúrò mi ọkùnrin ti London dé sí Ìbàdàn pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ méjì. Àwọn ọmọ náà kò dé Nàìjíríà rí. Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n dé, bí a ti jẹ àmàlà tán, ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í pín oògùn fún àwọn ọmọ. Mo ní kí nìyẹn? Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, oògùn tí kì í jẹ́ kí ibà ṣe wọ́n ni.” Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, “Ẹ ti di òyìnbó pátápátá! Ilẹ̀ baba wọn nìyí jàre, ẹ kó kiní yẹn pamọ́.” Àbúrò mi gba oògùn náà, ó jù ú sínú àpótí. Àgbà ti sọ̀rọ̀, ta ni yóò tún jiyàn?

Ọjọ́ kẹwàá tí wọ́n padà sí London ni ara ọmọbìnrin kékeré gbóná. Dókítà tó kọ́kọ́ rí i ní ọ̀fìnkìn lásán ni, nítorí kò sí ẹni tó sọ fún un ibi tí wọ́n ti ń bọ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ọmọ kò dá ìyá rẹ̀ mọ̀ mọ́. Ibà ti dé ọpọlọ. Ọlọ́run ṣe é, ó yè. Ìyàwó àbúrò mi ṣì ń kí mi lórí fóònù, ṣùgbọ́n ohùn náà tutù bí omi àmù. N kò dá a lẹ́bi.

Ẹ gbọ́ ná. Òótọ́ ni pé àwa tí ẹ̀fọn ń jẹ láti kékeré, ara wa ti bá ibà jà títí tí kì í fi í tètè pa àgbà. Ṣùgbọ́n agbára yẹn kì í ṣe ogún ìdílé! Ẹni tó bá fi ilé sílẹ̀ fún ọdún mélòó kan, agbára náà á máa dín kù ni. Ọmọ tí a bí sí Ìlú Ọba kò sì ní in rárá, bí oríkì rẹ̀ tilẹ̀ gùn tó ọ̀nà Ọ̀yọ́. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé nínú àwọn tí ń gbé ibà wọ Ìlú Ọba, àwọn tó wá kí ẹbí ní ilẹ̀ Áfíríkà ló pọ̀ jù, kì í ṣe òyìnbó tó lọ ṣe fàájì.

Àwọn kan á ní oòrùn ló ń fa ibà, àbí epo pupa. Irọ́ ni! Láti ọdún 1897 ni Ronald Ross ti rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀fọn. Abo ẹ̀fọn tí ń jẹni lóru ló ń gbé e kiri.

Ẹlòmíràn á ní Nivaquine ni òun á máa lò. Nivaquine tí ń yún wa lára bí yèrèpè? Ayé rẹ̀ ti kọjá lọ́dọ̀ wa. Kòkòrò ibà ti mọ̀ ọ́n dunjú, ní 2005 ni ìjọba Nàìjíríà sì fi oògùn alápapọ̀ tó ní artemisinin rọ́pò rẹ̀. Ìyẹn náà, oògùn ìwòsàn ni, kì í ṣe ti ìdènà.

Mẹ́ta ni àwọn oníṣègùn sábà máa ń yàn nínú wọn fún ẹni tó ń bọ̀ wálé. Malarone: ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kan tàbí méjì kí ẹ tó gbéra, ẹ máa lò ó lójoojúmọ́ pẹ̀lú oúnjẹ, títí di ọjọ́ méje lẹ́yìn tí ẹ bá padà. Doxycycline: ojoojúmọ́ lòun náà, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko ni ẹ ó fi lò ó lẹ́yìn tí ẹ bá padà. Kò wà fún aboyún àti ọmọdé, oòrùn sì lè tètè jó awọ ẹni tó ń lò ó. Mefloquine: ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, láti ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ṣáájú ìrìn àjò di ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí ọkàn tàbí ọpọlọ ti dà láàmú rí, tàbí tó ní wárápá, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Dókítà tàbí apòògùn ni kí ẹ bi léèrè èyí tó bá yín mu, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n yín.

Ẹ ní ó wọ́n? Ẹ̀yin tí ẹ san owó ọkọ̀ òfuurufú, tí ẹ ra bàtà fún bọ̀dá, tí ẹ ra aago fún àǹtí, tí ẹ tún san owó ẹrù tó wúwo jù! Ti ọmọ yín nìkan ló wá wọ́n?

Oògùn nìkan kò sì tó. Ẹ sùn sínú nẹ́ẹ̀tì tí a fi oògùn sí, ẹ wọ aṣọ tó bo apá àti ẹsẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Bí ara bá sì gbóná láàárín ọdún kan lẹ́yìn tí ẹ padà, ẹ sáré lọ sọ fún dókítà pé, “Nàìjíríà ni mo ti dé, ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò lónìí.”

Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ mi ńkọ́? Bí ọmọ London bá mú oògùn jáde lójú yín, ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ẹ bu omi fún un, kó fi gbé e mì.