Ọmọ wa tó wà níbi tí ilẹ̀ ti ń ṣú ní aago mẹ́rin



Ọ̀rọ̀ kan ti ń wọ ilé wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó yẹ ká sọ ọ́. Àwọn ọmọ tí a bí síbí, tí a fi owó àjọ rán lọ kàwé nílùú Ọba, ohùn àwọn kan nínú wọn máa ń yí padà tí November bá ti wọlé. Ẹni tó ń pe ìyá rẹ̀ lójoojúmọ́ á dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Tó bá gbé fóònù, "Mọ́mì, ó rẹ̀ mí, mo fẹ́ sùn." Á máa sùn ṣáá, oorun ò ní tó o. Á máa jẹ búrẹ́dì àti nǹkan dídùn, kò ní fẹ́ rí èèyàn. Tó bá di April, ara á tún yá.

Kí là ń sọ? Àwa kan ní ọ̀lẹ ni. Àwa kan ní ayé ló ń ṣe é, a sì fi owó ìṣọ́ òru sílẹ̀. Ìdílé kan wà láàárín wa tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ ní kí ọmọ fi ilé ìwé sílẹ̀ kó máa bọ̀ nílé, kó tó di pé ọmọ náà fúnra rẹ̀ lọ bá dókítà. A ò ní kẹ́ ẹ má gbàdúrà o. Ṣùgbọ́n àìsàn yìí lórúkọ. Láti 1984 ni Norman Rosenthal àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti kọ̀wé nípa rẹ̀: ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó ń bá ìgbà òtútù dé, tó sì ń bá a lọ. SAD ni wọ́n ń pè é.

Àwa ará Jos gan-an ló ṣòro fún láti gbà. "Òtútù wo? Ṣé kì í ṣe Jos la ti tọ́ ẹ ni?" Àmọ́ òkùnkùn ló fà á, kì í ṣe òtútù. Ní December, ojúmọ́ tiwa ń lé ní wákàtí 11. Ti London kò pé 8: oòrùn á yọ ní nǹkan bí aago mẹ́jọ, á wọ̀ kí aago mẹ́rin tó lù. Aberdeen tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àpótí iná kan wà tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tó 10,000 lux (gílóòbù ilé ò lè ṣe é o). Èèyàn á jókòó síwájú rẹ̀ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láàárọ̀, kò ní tẹjú mọ́ ọn, ó lè máa jẹun lọ. Ẹni tójú ń dùn, kó kọ́kọ́ bi dókítà.

Èkejì ni kó jókòó ti ẹni tó kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ọkàn, kí wọ́n jọ máa sọ̀rọ̀, kí wọ́n tú èrò bí "ayé mi ti bàjẹ́" wò, kí wọ́n sì jọ ṣètò ohun tí á máa mú un jáde nílé. Kelly Rohan ní Vermont fi méjèèjì wéra lára èèyàn 177 fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n ṣiṣẹ́ bákan náà. Àmọ́ nígbà òtútù kejì lẹ́yìn ìyẹn, nǹkan bí 46 nínú 100 àwọn tó lo iná ni àìsàn náà tún mú. Ti àwọn tó sọ̀rọ̀ jẹ́ 27. Ìdí nìyẹn tí a fi fara mọ́ ọ̀rọ̀ sísọ jù. Iná, tẹ́ ẹ bá pa á, ó tán. Ọgbọ́n tọ́mọ kọ́ wà lórí rẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an la ti máa ń dí wọn lọ́wọ́, pé "má tú àṣírí ilé fún òyìnbó." Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́. Ní England, ó lè fúnra rẹ̀ forúkọ sílẹ̀ fún NHS Talking Therapies láìgba ìwé dókítà, ó sì ti sanwó ìlera mọ́ físà rẹ̀. Àwa náà, tá a bá pè é ní January, kó má jẹ́ owó nìkan la máa béèrè. Ẹ bi í bóyá ó jáde lọ́sàn-án òní.

Tó bá lọ sọ pé ó ti sú òun láti wà láàyè, ẹ má dúró dàárọ̀: kó pe 999 lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì wá ẹnì kan nítòsí rẹ̀ tí á lọ kan ilẹ̀kùn.