Ogun parí, ara ológun kò gbàgbé

Ní ọdún 1878, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ṣẹ́gun àwọn ọ̀tá wọn nítòsí Ìkìrun, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sá lọ ló já lu Odò Ọ̀tìn, tí omi sì gbé wọn lọ. Ibẹ̀ ni ogun náà ti gba orúkọ Jálumi. Àwọn akọni inú rẹ̀ kò ṣàì ní oríkì, ṣùgbọ́n ta ló bèèrè ohun tí àwọn tó là á já ń rí lójú oorun?

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí títí di òní. Àwọn tó ja ogun abẹ́lé láti 1967 sí 1970 ti darúgbó. Àwọn ọ̀dọ́ tó lọ kojú Boko Haram láti 2009 sì ń padà wálé. Bí irú wọn bá ń ta gìrì lóru ní Ìkìrun, Ìnísà tàbí Òkukù, tí ìbọn ọdẹ dún níbi ìsìnkú tó sá wọ yàrá, àwọn ará ilé a ní ayé ló ń ṣe é, tàbí pé igbó ló ń mu.

Àìsàn ni, àmì rẹ̀ sì wà nínú ara. Bí ẹ̀rù bá bani, ara a máa tú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní cortisol sínú ẹ̀jẹ̀. Bí ewu bá kọjá, ó yẹ kí ara rọlẹ̀. Lára ológun tí ìpayà ti wọ̀ lára, ètò yìí ti dàrú.

Ní 2013, Rachel Yehuda àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí jáde lórí àwọn ológun 16 tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ sísọ tọ́jú: ológun yóò jókòó ti ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀, yóò máa sọ ohun tójú rẹ̀ rí ní àsọtúnsọ, títí agbára ẹ̀rù náà yóò fi dínkù. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò ṣáájú àti lẹ́yìn ìtọ́jú. Lára àwọn tí ara wọn yá, àmì kan yí padà lórí jíìnì FKBP5, tó ń bá ara darí ìpayà. Ènìyàn 16 kéré lóòótọ́, kò sì tíì di àyẹ̀wò tí ènìyàn lè lọ ṣe ní ọsibítù. Síbẹ̀, ó yẹ kí àwọn tó ní ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kì í wo àìsàn tún èrò wọn pa.

Òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìn-ín-ní 2023 dára, àmọ́ Àrò ṣì jìnnà ní Abẹ́òkúta, ológun tó ti fẹ̀yìn tì ní Òkukù kò sì lè máa wá owó ọkọ̀ débẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun àti àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn àti Odò-Ọ̀tìn kọ́ nọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan níṣẹ́ yìí ní ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí dókítà láti Òṣogbo sì máa yọjú sí wọn lóṣooṣù. Kí àwọn ẹbí náà jáwọ́ nínú gbígbé ológun lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ de ènìyàn mọ́lẹ̀.