ÒṢÙWỌ̀N ÈKÉ NI WỌ́N FI Ń WỌN Ọ̀LÀJÚ



Kò sí ẹni tí ó mọ ọ̀ràn òṣùwọ̀n ju àgbẹ̀ kòkó lọ. Àgbẹ̀ lè ro oko rẹ̀ dáradára, kí ó ká kòkó rẹ̀ ní àsìkò, kí ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó, kí ó sì sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbé e dé iwájú òṣùwọ̀n èké, ọwọ́ òfo ni yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ fi padà sílé. Nítorí náà, àgbẹ̀ ọlọ́gbọ́n kì í béèrè iye tí kòkó òun wọ̀n nìkan. A máa béèrè pẹ̀lú pé: Ta ni ó ni òṣùwọ̀n yìí? Kí ni ó sì ń wọ̀n ní tòótọ́?

Ìbéèrè kan náà ni a fẹ́ béèrè lónìí nípa òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn orílẹ̀-èdè. Àwọn kan ń wí káàkiri pé bí a bá fẹ́ mọ̀ bí àwọn ènìyàn kan bá ti làjú, kí a ṣírò iye agbára tí wọ́n ń lò: iye èédú tí wọ́n ń jó, iye epo tí ọkọ̀ àti ẹ̀rọ wọn ń mu, iye iná ẹ̀lẹ́kítíríìkì tí ń wọ ilé wọn. Ẹni tí ó bá jó púpọ̀ ni ọ̀làjú. Ẹni tí ó bá jó díẹ̀, ará oko ni. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀, a ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nílẹ̀. Ní ọdún 1943, Leslie White, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, kọ ọ́ pé àṣà ẹ̀dá ń gòkè bí agbára tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lò lọ́dún bá ti ń pọ̀ sí i, tàbí bí irinṣẹ́ tí a fi ń lo agbára náà bá ti ń dára sí i. Ní ọdún 1964, Nikolai Kardashev, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Rọ́ṣíà, pín ọ̀làjú sí ipò mẹ́ta. Èkíní ń lo agbára tí ó tó ti ayé kan. Èkejì ń lo gbogbo agbára oòrùn rẹ̀. Ẹ̀kẹta ń lo agbára gbogbo ìràwọ̀ tí ó wà ní agbo tirẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí a purọ́ mọ́ òkú. Kardashev kò gbé òṣùwọ̀n yìí kalẹ̀ láti fi dá orílẹ̀-èdè kankan lẹ́jọ́. Ó ń wá ọ̀nà tí a lè gbà fi rédíò gbọ́ ohùn ẹ̀dá tí ó bá wà ní ìràwọ̀ mìíràn, ó sì mọ̀ pé ẹni tí agbára rẹ̀ bá pọ̀ ni ohùn rẹ̀ yóò dé ọ̀nà jíjìn. Fún iṣẹ́ yẹn, òṣùwọ̀n náà dára. White pẹ̀lú kò gbàgbé irinṣẹ́. Àwọn tí ń tún ọ̀rọ̀ wọn sọ ni ó fi ìdajì sílẹ̀, tí wọ́n wá gbé òṣùwọ̀n ìràwọ̀ wá sí ọjà ènìyàn. Ṣé ẹni tí ohùn rẹ̀ ròkè jù ní ọjà ni ó gbọ́n jù níbẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a yẹ òṣùwọ̀n náà wò. Gílóòbù àtijọ́ tí ń jẹ wáàtì 60 a máa sọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú agbára rẹ̀ di ooru lásán. Gílóòbù LED ti òde òní ń tan irú ìmọ́lẹ̀ kan náà pẹ̀lú nǹkan bí wáàtì 9. Nípa ìṣirò àwọn ènìyàn wọ̀nyí, ilé tí ó pààrọ̀ gílóòbù rẹ̀ ti fà sẹ́yìn! Ní ọdún 1946, ẹ̀rọ ìṣirò ńlá tí wọ́n ń pè ní ENIAC, ní Amẹ́ríkà, wúwo tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù 30, ó sì ń jẹ nǹkan bí wáàtì 150,000. Fóònù tí ọmọ yín ń mú lọ sí oko lónìí kò jẹ tó wáàtì 10, iṣẹ́ tí ó sì ń ṣe ju ti ẹ̀rọ yẹn lọ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlọ́po. Èwo nínú méjèèjì ni ọgbọ́n pọ̀ nínú rẹ̀? Àwọn baba wa kò purọ́ nígbà tí wọ́n ní ọgbọ́n ju agbára lọ.

Láti ara ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kí a bọ́ sí ara ènìyàn. Costa Rica jẹ́ orílẹ̀-èdè kékeré kan ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Láti ọdún 1948 ni ó ti tú àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ká. Agbára tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lò níbẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin èyí tí ará Amẹ́ríkà ńlá ń lò. Síbẹ̀ ẹ̀mí àwọn ará Costa Rica ń gùn ju ti àwọn ará Amẹ́ríkà lọ. Bí ìyè ènìyàn kò bá sí lórí òṣùwọ̀n, kí ni a wá ń wọ̀n?

Ẹ tún wo ilé tiwa. Àgbẹ̀ tí ó sá kòkó rẹ̀ sórí ẹní fún ọ̀sẹ̀ kan ti lo agbára oòrùn, ọ̀fẹ́ sì ni. Kò sí ìwé ìṣirò tí a kọ agbára yẹn sí. Ní ọjọ́ tí ó bá ra ẹ̀rọ tí ń mu epo láti fi gbẹ ẹ́, ọjọ́ náà ni wọn yóò kọ ọ́ pé ó ti ń lo agbára. Bí èéfín ẹ̀rọ náà bá sì wọ kòkó tí adùn rẹ̀ bàjẹ́, òṣùwọ̀n wọn kò ní mọ̀. A kò bú ẹ̀rọ. Bí òjò kò bá dá, ẹ̀rọ a máa gba àgbẹ̀ là. Ohun tí a ń wí ni pé òṣùwọ̀n tí kò lè mọ ìyàtọ̀ láàrin èrè àti òfò kì í ṣe òṣùwọ̀n.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì, kí ó lọ sí Niger Delta. Ní ọdún 1956 ni a rí epo ní Oloibiri. Ní ọdún 1958 ni a bẹ̀rẹ̀ sí kó o lọ sí òkè òkun. Láti ìgbà náà ni iná gáàsì ti ń jó ní ojú ọ̀run níbẹ̀. Òfin ọdún 1979 pàṣẹ pé kí ó dópin kí ọdún 1984 tó bẹ̀rẹ̀. Títí di òní, kò tíì kú. Agbára ńlá ni iná yẹn. Ó ń jó ní ọ̀sán àti ní òru, kò sì se ìkòkò ọbẹ̀ kan. Ṣé ọ̀làjú ni ká pè é?

Ìpalára òṣùwọ̀n yìí kò mọ sí orí epo. Ní ọdún 1910, Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ilé-Ifẹ̀, ó rí iṣẹ́ ọnà àwọn baba wa, ó sì wí pé ọ̀dọ̀ àwọn Gíríìkì ìlú Atlantis tí ó rì sínú òkun ni ó ti wá. Kò rí ẹ̀rọ, kò rí èéfín ilé-iṣẹ́. Ojú rẹ̀ kò lè gbà pé ènìyàn dúdú ni ó ṣe é. Ní ọdún 1938, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, orí idẹ àwọn àgbà Ifẹ̀ jáde láti inú ilẹ̀. Ìda, amọ̀ àti iná èédú igi ni wọ́n fi rọ wọ́n. Iná wọn kéré; ojú wọn là.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí dáradára, kí ẹnikẹ́ni má ṣe yí ọ̀rọ̀ wa po. A kò wí pé kí àwọn ènìyàn wa jókòó sínú òkùnkùn. Ní ọdún 2021, Báńkì Àgbáyé kéde pé mílíọ̀nù 85 ọmọ Nàìjíríà ni wáyà iná ìjọba kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Obìnrin tí ń rọbí nínú ìmọ́lẹ̀ àtùpà kò nílò ìwàásù pé agbára kì í ṣe ọ̀làjú. Iná ni ó nílò. Àgbẹ̀ tí tòmátì rẹ̀ ń jẹrà nílò ibi tútù tí yóò kó o sí. Ẹni tí ó bá fi ọ̀rọ̀ wa yìí du tálákà ní iná, ọ̀tá wa ni.

Nítorí náà, bí olóṣèlú kan bá dé abúlé yín, tí ó ń fọ́nnu pé òun ti fi megawáàtì báyìí kún iná orílẹ̀-èdè, ẹ má kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Ilé ìgbẹ̀bí mélòó ni iná náà wọ̀? Ẹ̀rọ gbágùúdá mélòó ni ó ń yí? Ta ni èéfín rẹ̀ ń bọ́ sí lójú? Bí kò bá lè dáhùn, òṣùwọ̀n èké ni ó gbé wá.

Àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Orílẹ̀-èdè tí ó làjú ni èyí tí ó fi díẹ̀ ṣe púpọ̀, tí ó pín in dé ọ̀dọ̀ ẹni ìkẹyìn, tí ó sì ṣẹ́kù sílẹ̀ fún ọmọ. Òṣùwọ̀n tiwa nìyẹn, ẹ jẹ́ kí a dì í mú ṣinṣin.