Àdúrà fún Àwọn Hazara: Kí Ni Ó Kan Bantè àti Savalou?

Ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ ni Savalou máa ń ṣe ọdún iṣu. Ọjọ́ náà ni Ìjọ Kátólíìkì ń ṣe àjọ̀dún Ìgbàsókè Màríà Wúńdíá. Ní ọjọ́ yìí kan náà ní ọdún 2021, àwọn ọmọ ogun Taliban wọ Kabul, olú ìlú Afghanístàn. Póòpù Francis bẹ àwọn onígbàgbọ́ pé kí wọ́n bá òun gbàdúrà fún ilẹ̀ náà. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn èyí, ó ní kí wọ́n fi ààwẹ̀ kún àdúrà.

Lára àwọn tí ẹ̀rù bà jù ni ẹ̀yà Hazara. Àwọn òkè àárín Afghanístàn ni ilẹ̀ baba wọn. Mùsùlùmí ni wọ́n, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ń tẹ̀lé ìlànà Shia, nígbà tí ọ̀pọ̀ ará ilẹ̀ náà ń tẹ̀lé ìlànà Sunni. Nítorí ẹ̀yà wọn àti ìlànà yìí ni a ṣe ń ṣe inúnibíni sí wọn. Láàrin ọdún 1891 sí 1893, ọba Abdur Rahman gbógun tì wọ́n. A pa púpọ̀, a sì ta púpọ̀ lẹ́rú. Ní ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún ọdún 2021, bọ́ǹbù bú níwájú ilé-ìwé kan ní àdúgbò wọn ní Kabul. Ó pa ènìyàn tí ó lé ní 80. Ọmọbìnrin ni púpọ̀ nínú wọn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, bọ́ǹbù mìíràn pa ènìyàn tí ó lé ní 50 níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń múra ìdánwò. Ìwé ni wọ́n lọ kà. Ẹni tí ó dàgbà kí ó tó mọ ìwé kà mọ bí ohun tí wọ́n ń wá ti níye lórí tó.

Kristẹni kan ní Bantè lè béèrè pé: kí ni ó kan òun nínú ọ̀rọ̀ àwọn tí kì í ṣe Kristẹni, tí ilẹ̀ wọn sì jìnnà?

Ìdáhùn kìíní wà nínú Ìhìnrere. Nígbà tí a bi Jésù pé ta ni ọmọnìkejì ẹni, ará Samáríà ni ó fi ṣe àpẹẹrẹ, ẹni tí àwọn Júù kà sí àjèjì.

Ìdáhùn kejì wà nínú ìtàn Collines. Ní ayé àwọn ọba Abomey, ogun a máa ja ilẹ̀ Máhì àti ilẹ̀ Nàgó. A kó ènìyàn lọ, a sì ta púpọ̀ nínú wọn ní Ouidah. Ilẹ̀ tí ó ti jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀ kò lè pe ìyà Hazara ní ohun àjèjì.

Ìdáhùn kẹta wà nítòsí. Ní ọjọ́ Àìkú 25 oṣù Kejì ọdún 2024, ní Burkina Faso tí ó bá Bẹ̀nẹ̀ pààlà, àwọn agbébọn pa Kátólíìkì 15 níbi ìsìn ní Essakane. Ní ọjọ́ kan náà, a kọlu mọ́sálásí ní Natiaboani, a sì pa ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí. Àwọn àgbà sọ pé pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó.

Ewu kan wà níhìn-ín. Bí àdúrà fún àwọn tí a ń ni lára bá di àdúrà ìkórìíra sí Mùsùlùmí, ilé ẹni ni yóò kọ́kọ́ tú, nítorí pé ní Bantè àti Savalou, Kristẹni, Mùsùlùmí àti abọ̀rìṣà sábà máa ń jẹ́ ọmọ ìyá kan. Àdúrà fún Hazara ń lé ewu yìí jìnnà. Kristẹni ń bẹ Ọlọ́run fún Mùsùlùmí tí ẹlòmíràn ń pọ́n lójú. Ó sì ń rí i pé ìnilára ni ọ̀tá, kì í ṣe ìsìn.

Ṣùgbọ́n àdúrà kò rọ́pò iṣẹ́ ọwọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti sá fún àwọn agbébọn ní àríwá Bẹ̀nẹ̀ àti ní Burkina Faso. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kan ilẹ̀kùn, ẹni tí ó ti gbàdúrà fún Hazara yóò bu omi fún un mu kí ó tó béèrè ìsìn rẹ̀.