Ẹ Jẹ́ Kí A Bi Olùdíje Léèrè Kí A Tó Dìbò

Ọ̀rọ̀ ìbò ìjọba ìbílẹ̀ ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í ka ìbò yìí sí, bẹ́ẹ̀ òun ló sún mọ́ ẹnu ọ̀nà wa jù.

Bí ìbò ààrẹ bá dé, tọmọdé tàgbà ló mọ orúkọ àwọn tó ń díje. Ṣùgbọ́n ta ló ń du ipò káńsílọ̀ ní wọ́ọ̀dù yín? Kí ló fẹ́ ṣe? Àmì ẹgbẹ́ òṣèlú nìkan ni ọ̀pọ̀ wa ń tẹ̀ka sí. Ẹni tó fẹ́ ra aṣọ lọ́jà á yẹ̀ ẹ́ wò tinú tẹ̀yìn, á sì fi ti ìsọ̀ kan wé ti ìkejì. Ṣé alága tí yóò lo ọdún lórí wa kò tó aṣọ ni?

Òfin Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 1999 ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀: ọjà, gáréèjì, odò ẹran, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbogbòò, gọ́tà, títì àdúgbò, kíkó pàǹtí, títí dé ìforúkọsílẹ̀ ìbí àti ikú. Ó tún lọ́wọ́ nínú ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ìlera. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé tààrà ni kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́dọ̀ àwọn tí aráàlú dìbò yàn, àti pé gómìnà kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ìgbìmọ̀ fìdíhẹẹ́ rọ́pò wọn. Bí owó yóò bá bọ́ sọ́wọ́ alága, ó yẹ kí a mọ irú ọwọ́ tó jẹ́.

Àwọn ará ibòmíràn ti wá ọgbọ́n sí i. Ní Holland, wọ́n bẹ̀rẹ̀ StemWijzer ní 1989. Orí ìwé ló wà nígbà náà, kó tó bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Jámánì ṣe tiwọn, Wahl-O-Mat, ní 2002. Wọn á kọ gbólóhùn 38 sílẹ̀, ẹgbẹ́ òṣèlú kọ̀ọ̀kan á sọ èyí tó fara mọ́ àti èyí tó kọ̀. Olùdìbò náà á dáhùn lórí fóònù rẹ̀, ẹ̀rọ á sì fi hàn án àwọn tí èrò wọn bá tirẹ̀ mu. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Democracy Club ń kó orúkọ àwọn tó ń du ipò káńsù jọ, kí olúkúlùkù lè rí ti àdúgbò rẹ̀. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé níbẹ̀, tí ìwé ìgbélùú wọn pé, náà lè dìbò káńsù, nítorí Nàìjíríà wà nínú Kọ́mọ́ńwẹ́ẹ̀tì.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá di òṣùwọ̀n mú kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ sápá kan. Ní 2019, ilé ẹjọ́ kan ní ìlú Cologne dá ètò ti Jámánì dúró, nítorí pé ẹgbẹ́ mẹ́jọ péré ni olùdìbò lè fi wéra lẹ́ẹ̀kan. Ẹgbẹ́ kékeré kan ló pẹjọ́ pé èyí ń rẹ́ òun jẹ. Wọ́n fẹnu kò, ètò náà sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Àwọn kan nínú wa á ní: "Ìbò wo? Ṣebí wọ́n ti kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀?" A kò pe ìyẹn ní ọ̀rọ̀ òpè. Ní ìbò ìjọba ìbílẹ̀ Èkó ti ọjọ́ 12 oṣù Keje 2025, ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ni wọ́n kéde pé ó gba gbogbo ipò alága 57. Síbẹ̀, àwa òṣìṣẹ́ mọ̀ pé àdéhùn tí àwọn ọ̀gá kò bá fọwọ́ sí, afẹ́fẹ́ ni. Ẹni yòówù kó wọlé, bí ó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìdáhùn, ìwé náà wà lọ́wọ́ wa. Lọ́jọ́ tí gọ́tà bá dí, tí pàǹtí bá kún títì, òun la ó gbé lọ síwájú rẹ̀.

Ohun tí a ń dábàá nìyí. Kí ẹ̀ka wa kọ ìbéèrè mẹ́jọ lórí ọjà, gọ́tà, pàǹtí, ilé ìwòsàn àti ilé ẹ̀kọ́. Kí gbogbo olùdíje gba ìbéèrè kan náà, kí iye ọjọ́ tí wọ́n ní láti dáhùn sì dọ́gba. Kí a tẹ ìdáhùn wọn bí wọ́n ṣe kọ ọ́, láìbù kún un, láìyọ níbẹ̀. Ẹni tí kò bá dáhùn, kí a kọ ọ́ síwájú orúkọ rẹ̀ pé kò dáhùn. Kí a gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn tó ní fóònù, kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó ìkéde, kí a sì kà á ní Yorùbá nínú ìpàdé, kí ẹni tí kò mọ̀wé má bàa pàdánù. A kò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ olùdíje kankan, a kò sì gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni ibi tí yóò tẹ̀ka sí.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ẹ mú èrò yín wá sí ìpàdé ẹ̀ka tó ń bọ̀, ẹ mú ìbéèrè tí ẹ fẹ́ dání. Ìṣọ̀kan ni agbára òṣìṣẹ́!